Èèbù Elegbeka Lẹ́yìn Ilé Mi

Òjò ọdún yẹn kò dágbére fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Ní Sátidé kan, ó rọ̀ títí omi fi wọ ilé ìdáná wa; nígbà tí Sátidé tó tẹ̀ lé e máa fi pé, eruku ti bo tábìlì, ètè mi ti sán, mo sì ti ń bínú sí gbogbo ayé. Bí ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé mi ní Ọ̀wọ̀, ó fi ìborùn bo orí, ó ń wo ọgbà rẹ̀.

"Ọyẹ́ ti dé," ó wí. "Mè é tíì dé ulé."

Ohun tó ń sọ ni pé òun kò tíì padà sílé òun. Inú ilé mi ló jókòó sí o, lórí àpótí mi, àmọ́ kì í ṣe ilé tó ń wí nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò tíì sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tó bá a nínú ìlú rí.

Oko Elegbeka ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sí. Ibẹ̀ ni bàbá wa kú sí, ẹ̀yìn ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ la sì sin ín sí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ní ká ṣe. Ní ọjọ́ ìsìnkú náà, lójú gbogbo ará ìjọ, Ìyá sọ fún àwa ọmọ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun ni kí a tẹ́ òun sí nígbà tó bá yá. Kò fi omijé sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tó fẹ́ kí yàrá òun wà fún bíríkìlà. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń parí lọ, kí koríko tó gbẹ, ó máa ń ro ẹ̀yìn ilé mọ́ yí sàréè náà ká, títí dé ìdí igi kòkó, kí iná ìgbẹ́ má baà rí ohun tó máa jó wọlé. Bàbá wa kò fẹ́ràn iná nígbà tó wà láyé. Ìyá ní kò yẹ kí iná wá máa kọjá lórí rẹ̀ nísinsìnyí tí kò lè sá.

Lẹ́yìn náà ni oko di ibi tí à ń sá fún. Nínú oṣù kẹjọ ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn tó gbé ìbọn mú aládùúgbò wa kan lọ láti inú oko rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó padà wá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò padà. Bí ẹ bá kí i, yóò kàn máa wo ọwọ́ yín ni. Ilé kan di ẹrù lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Èmi àti àbúrò mi gba mọ́tò, a lọ gbé Ìyá. Ó ní òun kò ní fi iṣu òun sílẹ̀ fún olè. La bá dúró tì í láàárín ebè, àwa ọkùnrin méjì, à ń wo ìgbẹ́ lọ́tùn-ún lósì, tí ìyá arúgbó ń hú iṣu bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn tó tóbi, ó pín wọn fún àwọn tó kù lójú ọ̀nà. Àwọn kéékèèké tó máa fi ṣe èèbù, ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó sì gbé agbọ̀n náà lé itan rẹ̀ títí a fi dé Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yìn ilé mi kì í ṣe ọgbà nígbà náà. Koríko ló wà níbẹ̀, àti fíríìjì tó ti kú, àti ọkọ̀ mi àtijọ́ tí mo ti ń sọ fún ìyàwó mi láti ọjọ́ pípẹ́ pé màá tún ṣe. Kí oṣù tó yí, Ìyá ti ní kí wọ́n wá wọ́ fíríìjì lọ. Ó ro gbogbo ilẹ̀ náà, ó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yí ọkọ̀ mi ká, ó gbin ilá síwájú rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi yé mi pé ọkọ̀ yẹn kò ní lọ ibì kankan mọ́. Gbogbo ohun tó gbìn ló jẹ́ èyí tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ewúro tó wà nídìí ògiri, ó bá a níbẹ̀ ni. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ẹ ń gbin nǹkan bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè."

"Ó ń dúró dè mí," ó dáhùn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Èèbù nìkan ni kò gbìn. Ó so wọ́n mọ́ ọparun lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná, níbi tí òjò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wọn. Láràárọ̀, kó tó gbàdúrà, kó tó fọ ẹnu, á lọ bá wọn, á máa fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ètò tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀nà yóò dára. Òun yóò padà sí Elegbeka kí ilẹ̀ tó le, òun yóò kọ ebè, òun yóò ti èèbù bọ̀ ọ́, òun yóò fi koríko dé e lórí kó lè sùn títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá tó àkókò, kí a tẹ́ òun sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun. Kò ní ètò mìíràn.

Ó sì yẹ kí ọ̀nà náà tètè dára, nítorí ara Ìyá ń lọ. Ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń gbé ẹrù igi la oko já ti tẹ́ẹ́rẹ́, awọ ara rẹ̀ sì ti ń já pépé nínú ọyẹ́ bí a ṣe ń fi òrí pa á tó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá parí, àwọn ìyá tó sá wá láti Elegbeka àti Afo máa ń dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a máa bi ara wọn bóyá ẹnikẹ́ni ti lọ wo oko. Bákan náà ni ìdáhùn máa ń rí. Wọn a tún aṣọ ró, wọn a sì máa lọ sílé àwọn ọmọ wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ wá já lù wá báyìí, a bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọgbà mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní "a" nítorí pé Ìyá kò jẹ́ kí n sinmi. Èmi tí mo ti jókòó sídìí tábìlì ìjọba láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, tí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, ó ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. A gé ewúro dé orúnkún, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ráyè sinmi. A fa àwọn ilá tó ti gbó tu, a fi èyí tó dára jù sílẹ̀ kó gbẹ sórí igi fún irúgbìn. A gbọn èso tẹ̀tẹ̀ sórí àpò; Ìyá fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ó pò ó mọ́ eérú, ó sì rọ́ ọ sínú ìgò kí kòkòrò má baà rí i jẹ. A ro ẹ̀bá ògiri mọ́ fónífóní, nítorí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi, ilẹ̀ ẹnì kan tí kò tíì kọ́lé, kì í ṣàìjó lọ́dọọdún.

Ìyàwó mi fẹ́ sun koríko tí a ro. Kò fẹ́ràn pàǹtí, ó sì ń fẹ́ kí ẹ̀yìn ilé mọ́ bíi pálọ̀. Ìyá yarí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan koríko òun, pé òun yóò kó o lọ sí Elegbeka láti fi dé orí ebè. Koríko! Bí ẹni pé koríko ló wọ́n ní Elegbeka. Ìyàwó mi wò mí, mo wo òkè. A fi koríko náà sílẹ̀ níbi tó wà, ó ń gbẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé àwọn èèbù náà ti ń rú. Nǹkan pupa ṣóńṣó-ṣóńṣó ti yọ lórí wọn, àwọn mìíràn sì ti ń hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lọ bá Ìyá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbìn wọ́n síbí. Bí ọyẹ́ yìí bá fẹ́ wọn tán lórí ọparun, kò ní sí ohun tí ẹ máa gbìn níbikíbi."

"Uṣu éè ṣe ẹ̀fọ́," ó ní.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fọ́."

"Wo è é mọ̀. Bí mo bá gbin uṣu síbí, ta ni yóò hú u? Èmi ni. Ṣé ìgbà yẹn ni wo fẹ́ bá mi níbí?"

"Kí ló burú níbí?" Ohùn mi ti ń lọ sókè. "Ilé mi ò dára ni?"

"Ulé rẹ dára," ó ní. Ó wò mí tàánútàánú. "Bàbá rẹ éè sí níbẹ̀."

Mo fi ìbínú wọlé. Mo ti kọ́ ilé, mo ti gbẹ́ kànga, mo ti fi yàrá tó ní fèrèsé méjì fún un, kò sì sí èyí tó tó. Mò ń jowú òkú, mo mọ̀ pé òkú ni mò ń jowú, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Ìyá kò sọ̀rọ̀ èèbù mọ́. Ohun tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ni pé bí àwa kò bá ní jẹ́ kí òun lọ, kí ẹnì kan nínú wa lọ ro yíká sàréè bàbá wa kí koríko ibẹ̀ tó gbẹ tán, kó sì padà wá sọ fún òun bóyá ebè ṣeé kọ. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lórí tábìlì oúnjẹ wa. Àbúrò mi ló ní òun á lọ. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe nígboro, ó ní ọ̀kadà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá mú àdá àti ọkọ́ lọ́dọ̀ Ìyá ní kùtùkùtù, ó fi àpò wé wọn, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìyá gbàdúrà sí i lórí títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná. Lẹ́yìn tó lọ tán, kò jẹun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ̀kadà tó bá ti dún lójú títì ló ń gbé e dìde.

Oòrùn ti yí nígbà tí àbúrò mi dé. Eruku bò ó, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá.

"Wo dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, Ìyá."

"Ulé ń kọ́?"

"Ilé wà bó ṣe wà. Páànù kan ló ṣí."

"Bàbá rẹ ń kọ́?"

"Mo ti ro ibẹ̀. Mo ro ó dé ìdí kòkó."

Ojú Ìyá là. Mo rí i. Láti oṣù kẹjọ, n kò tíì rí ojú yẹn, inú mi dùn débi pé mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣe àwàdà. Ó ní kí àbúrò mi sún mọ́ òun kí òun gbọn eruku ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yẹ etí ṣòkòtò náà wò níbi tí wọ́n ká a sí. Ó tún un ká padà.

"Wo kú uṣẹ́, ọmọ mi," ó ní, ó sì lọ gbé oúnjẹ wá fún un.

Ẹni tí kò bá gbé oko wa rí lè máà mọ ohun tó ń wá. Ní ìparí òjò, koríko abẹ́rẹ́ olóko àti ẹ̀mọ́ ti gbó ní gbogbo ìgbẹ́ ibẹ̀. Èso wọn ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ń so mọ́ aṣọ. Ènìyàn kò lè rìn láti ojú títì dé ilé wa kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ ọn láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìbàdí. Nígbà tí a wà ní kékeré, Ìyá kì í gbé oúnjẹ alẹ́ fún wa àfi tó bá ti tò wá jókòó, tó tu wọ́n kúrò lára aṣọ wa. Afẹ́fẹ́ orí ọ̀kadà kì í gbọ̀n wọ́n. Ọṣẹ pàápàá kì í yọ wọ́n. Lára ṣòkòtò àbúrò mi, kò sí ẹyọ kan. Ẹrẹ̀ nìkan ló rántí.

Mo tẹ̀ lé e jáde nígbà tó jẹun tán, mo dì í lápá mú nídìí ọ̀kadà rẹ̀.

"Níbo lo lọ?"

"Mo dé Elegbeka, Bùrọ̀dá. Mo dé ojú títì." Ó ń wo ilẹ̀. "Àwọn tó ń ta gààrí níbẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kì í wọ inú lọ mọ́. Mo ní kí n ṣáà lọ. Mo dúró síbi tó yẹ kí ọ̀nà wa wà, n ò rí ọ̀nà. Ó ti dí. Nǹkan kan wá dún nínú igbó. Ó lè jẹ́ ẹyẹ. Mo sá padà, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan títí ọ̀sán fi lọ. Mo bu omi sílẹ̀, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́."

Ó bú sẹ́kún, ọkùnrin tó ti ní ọmọ tó wà ní poli. Mo ti fẹ́ bú u. Èébú ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó dúró níwájú mi, mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kó máà padà wá rárá. Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu ojú rẹ̀.

"Ìyá ti mọ̀," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀," ó ní. "Ẹran tirẹ̀ ló fi sínú ọbẹ̀ mi."

Ohùn ọkọ́ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo sáré jáde. Ìyá ti fa gbogbo igi tẹ̀tẹ̀ tó kù tu, ó ti tú èèbù kúrò lórí ọparun, ó tẹ́ wọn sórí ẹní, ó ń bá ilẹ̀ jà. Ilẹ̀ ti le. Bó bá sọ ọkọ́ sílẹ̀, á dúró, á wúkọ́, á tún gbé e sókè. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi du ú.

"Kọ ebè," ó ní. "Láti ìdí ulé ìdáná yìí lọ."

Ìyàwó mi bomi rin ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú mi kó lè rọ̀, mo ń kọ ebè, Ìyá ń tẹ̀ lé mi. Ó gé èèbù, ó fi eérú pa ojú ibi tó gé, ó tì í bọ inú ebè, ó bò ó. Ó bu koríko gbígbẹ yẹn, koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó fi dé ebè lórí bí ẹni tó ń dé fìlà fọ́mọ, ó wá gbé ògúlùtu lé e kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Kò sọ ìdí tó fi ń ṣe é. Kò dárúkọ Elegbeka. Àbúrò mi dé, òun náà mú ọkọ́ lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ojú ń tì í. Ìyá nawọ́ sí ìlà kejì, ó bọ́ síbẹ̀.

Ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ló ń ṣe yìí. Mo ti borí. Inú mi sì bàjẹ́. Ebè kọ̀ọ̀kan tí mo bá kọ, ó ń ṣe mí bíi kí n tú u ká. Nígbà tí a dé àárín ọgbà, n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ọparun. Ọ̀nà lè dára kí òjò tó dé."

"Rárá," ó ní. "Kó wọn wá tán."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ó tilẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi àbúrò mi léèrè nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó mi máa fi omi tó bá fi fọ ìrẹsì wọ́n ìdí ewúro nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní tí ewé iṣu bá hù, kí a tètè wá igi fún wọn láti gùn, kí a má fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fà nílẹ̀. Ó ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, kò sì fi ara rẹ̀ sí i níbì kankan.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a kan ògiri. Èèbù díẹ̀ ṣì kù nínú agbọ̀n. Ní igun, láàárín ewúro àti ògiri, ilẹ̀ kan wà tí a ti ro mọ́ dáadáa, ó gùn, kò fẹ̀ púpọ̀. Mo gbé ọkọ́ sókè. Ìyá di ẹ̀rú ọkọ́ mú.

"Fi yẹn sílẹ̀."

"Àyè ṣì wà níbẹ̀, Ìyá. Á gba ebè mẹ́ta."

"Mo rí i." Ó wo ibẹ̀ láti ìdí ògiri dé ìdí ewúro, bí obìnrin ṣe ń fojú wọn aṣọ kó tó rà á. "Mè é fẹ́ kí ẹ máa hú uṣu kí ẹ tó rí ibi tẹ́ mi sí."

Àbúrò mi ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò lè ju tèmi, nítorí ọwọ́ Ìyá ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tú u sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá ibẹ̀.